Ẹ̀wù Òde Fáírọ́ọ̀sì

Bí olóògbé ìyàwó mi bá ti ilé ìwé dé, kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan àfi tó bá bọ́ ẹ̀wù òde rẹ̀. Bàọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kàbà, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, ara rẹ̀ ló sì fi ń ṣàlàyé fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé.

"Bíi tèmi ni," á wí. "Bó bá wọnú ìfun, á bọ́ èèpo òde. Bí kò bá bọ́ ọ, kò lè ṣiṣẹ́. Èèpo inú kì í là ní tirẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti ń da jíìnì rẹ̀ kọ, àdàkọ náà á sì gba ihò wẹ́wẹ́ ara èèpo jáde."

"Màdámù, ẹ má kó o ràn wá o!" làwọn ọmọ kíláàsì á pariwo.

Lọ́dún kan, àrùn náà mú àbíkẹ́yìn wa. Ojú ọmọ jìn, kò lè sunkún mọ́, kò sì tọ̀ láti àárọ̀. Ìyá mi dé láti Ìyámoyè, ó gba ife omi oníyọ̀ àti ṣúgà lọ́wọ́ ìyàwó mi.

"Omi tó ń dà jáde náà lo tún ń bù sí i?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Kòkòrò náà ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti ń ṣiṣẹ́, a ò lè dá a dúró. Omi yìí la ó fi gbé ọmọ títí yóò fi ṣe é tán."

Ó gba ife padà, ó ń fi ṣíbí fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

"Okun o, ọkọ mi!" ni ìyá mi kígbe, ó ń kí i kú iṣẹ́ ní èdè wa.

Mo fẹ́ nù ún.

"Má tíì nù ún," ni ìyàwó mi wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀."