Ọkọ̀ Ogun Abẹ́ Tàpólì

Ọkọ̀ ogun kan wà tí mo fi abẹ fẹ́lẹ́ gbẹ́, kò gùn ju apá mi lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sójú omi, ọ̀nì méjì yọ láàárín koríko, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní àwọn ti túúbá. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn ọ̀nì náà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nì kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ Tísà ni. Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa, lọ́nà Òde-Ayé sí Erinje, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Kò rí ọmọ dà láàmú mọ́, ló bá kojú sí àwa àgbà. Bí a bá jókòó níwájú ilé tí a ń sọ̀rọ̀ wa jẹ́jẹ́, á gbé awò sórí imú, á ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé. Bí òjò bá pa irú ẹni bẹ́ẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ ṣí ìwé wò kó tó mọ̀ pé ara òun ti tutù. Èmi ní tèmi, ìwé karùn-ún ni mo kà dé, mo sì tètè dúró níbẹ̀ kí n má baà gọ̀.

Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí ni ìlú ti ń pè mí ní Kọ́mándà. Èmi ni mo sọ fún wọn pé mo wà nínú ọkọ̀ ogun kékeré tó ń ṣọ́ odò wa nígbà náà, pé ọwọ́ mi ni ìdarí rẹ̀ wà. Wọ́n gbà. Àwọn ọmọdé máa ń na ara wọn gbọnrangandan, wọ́n á kí mi bí sójà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí a ń wọ aṣọ funfun, àga iwájú ni tèmi, torí Kọ́mándà kì í jókòó sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Ìgbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tún gbọ̀ngàn ìlú kùn, wọ́n ní àwọn máa fi yàrá kan rántí ogun. Tábìlì kan á wà láàárín rẹ̀, wọ́n á ṣe odò wa àti ọkọ̀ ogun rẹ̀ sórí ẹ̀ ní kékeré, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè máa wá wò ó. Alága ní èmi ni iṣẹ́ náà tọ́ sí. Bí Tísà ṣe dìde nìyẹn. Ó ní òun ti ka gbogbo ìwé tó wà lórí ogun náà, òun kò rí orúkọ mi níbì kankan, òun ò sì gbà pé mo fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ ogun rí. Inú ìpàdé ló ti sọ ọ́, níwájú ìyàwó mi, níwájú àwọn tó ń kí mi bí sójà.

Alága fẹ́ tù wá nínú. Ó ní kí kálukú lọ ṣe tirẹ̀ wá. Wọ́n á ránṣẹ́ sí bàbá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Ìjọ̀, lọ́nà Àrògbò, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ìdí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ náà nígbà ogun lóòótọ́, kó wá sọ èyí tó jọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri pé Kọ́mándà ló ṣe é, ọ̀rọ̀ parí títí ayé. Bí kò bá jọ ọ́, kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ tí wọ́n máa máa pè mí.

Ọmọ Tísà tó wà lókè òkun fi páálí kan ránṣẹ́ sí i. Ọkọ̀ ogun ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́ láti ilé-iṣẹ́, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo iṣẹ́ tó kù ò ju kí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ nọ́ńbà kìíní mọ́ nọ́ńbà kejì. Adìẹ á ṣe é bí a bá kọ́ ọ ní kíkà. Tísà fi oṣù méjì ṣe é.

Mo lọ kí i. Ó ti kun odò rẹ̀ ní búlúù. Mo bi í pé odò ta ni èyí, ó ní odò wa ni. Odò wa tó dúdú bí omi àgbo, tí o bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ o ò ní rí ìka rẹ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kun odò nínú àwòrán nìyẹn. Ó to igi sétí omi náà, igi ṣóńṣó-ṣóńṣó kan tí n kò rí irú rẹ̀ láti Àyèká títí dé etí òkun. Mo béèrè pé àwọn igi ọ̀gọ̀rọ̀ wa dà. Ó ní kò sí nínú páálí.

Igi ọ̀mọ̀ ni mo fi gbẹ́ tèmi, igi tí àwọn baba wa fi ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Mo gé bàtà rọ́bà tó ti já sí róbótó-róbótó, mo fi ṣe àwọn táyà tí wọ́n máa ń so kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó má baà fi ara gbá èbúté. Mẹ́jọ ni. Mo ṣe ibi tí kùkùté igi ti tẹ irin rẹ̀ wọnú lápá ọ̀tún. Mo fi òwú pupa àti èéfín fítílà ṣe ìpẹtà tó ń ṣàn bí omijé lábẹ́ ihò tí omi gbígbóná ti ń jáde.

Odò ló fìyà jẹ mí. Ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ̀gẹ́ ló kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn bó bá ń wá ojútùú ọ̀rọ̀. Mo se ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́ títí ó fi ki, mo po èédú lílọ̀ mọ́ ọn, mo dà á sórí pákó. Ó dán bí odò gan-an. Mo gbé e sínú oòrùn kó gbẹ. Kí n tó jẹun tán, ewúrẹ́ ará ilé kejì ti lá odò náà láti orísun dé ẹnu òkun, ó yọ ahọ́n dúdú sí mi.

Ìyàwó mi wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Baba. Ewúrẹ́ ti gba odò lọ́wọ́ Kọ́mándà."

Mo padà fi èéfín ìdí ìkòkò kun pákó mìíràn, mo tọrọ fánìṣì lọ́wọ́ káfíńtà, mo dà á lé e. Ewúrẹ́ wá gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó lọ.

Ó wá ku òkè ọkọ̀, ibi tí àwọn ọmọ ogun máa ń dúró sí. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta. Níkẹyìn mo gé aṣọ agboòrùn tó ti ya, mo fi bo òkè náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo fi okùn so ó pinpin. Mo ní tàpólì ni. Ìyàwó mi bi mí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Mo ní àṣírí ológun ni.

Lọ́jọ́ tí bàbá Ìjọ̀ náà dé, gbọ̀ngàn kún. Ó ti darúgbó jù mí lọ dáadáa, ariwo ẹ́ńjìnnì sì ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ó yí ti Tísà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó yin àwọn ìbọn rẹ̀, ó ní àwọn sójà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó wá béèrè ibi tí abẹ́ ọkọ̀ náà wà, torí pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí omi bí àwo ọbẹ̀. Tísà ní abẹ́ kò sí nínú páálí.

Bàbá ní, "Abẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń wà. Abẹ́ ni mo wà. Ṣé èmi náà ò sí nínú páálí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ fẹ́ pa mí.

Ó dé ìdí tèmi. Ó ka àwọn táyà. Ó fi ìka wá ibi tí kùkùté tẹ̀ wọnú, ó rí i. Ó ní ọkọ̀ náà nìyí. Mo dìde, mo na ara mi bí ọ̀gágun. Ó wá di okùn tàpólì mú, kò tú u. Ó ní kí Kọ́mándà sọ fún òun, àkàbà tí àwọn ń gbà lọ sí ìdí ẹ́ńjìnnì, ṣé iwájú ìbọn ńlá ló wà ni àbí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní iwájú ni.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbúrò, o ò gòkè rí. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lo wà. Kí lo máa ń tà fún wa?"

Irọ́ mẹ́ta ti wà lẹ́nu mi nílẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn á bo gbọ̀ngàn náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí okùn. Bí mo bá pa ẹyọ kan, á tú u, ìlú á rí i pé igi òfìfo ló wà lábẹ́ aṣọ agboòrùn, wọ́n á sì gbé odò búlúù sórí tábìlì.

Mo ní, "Púpurú ni, sà."

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyá mi ló ń mọ ẹ̀gẹ́ róbótó tó ń yan án lórí iná, èmi ni mo ń wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ bá wọn lójú omi. Mo máa ń fi ọwọ́ kan di táyà mú kí omi má gbé mi lọ, mo máa ń fi ọwọ́ kejì na apẹ̀rẹ̀ sókè. Ọwọ́ kan á nà wálẹ̀, á kó púpurú. N kò rí ju ọwọ́ yẹn lọ rí.

Bàbá tún wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ọdún méjì ni mo lò nínú ẹ̀. N kò mọ̀ pé ó burẹ́wà tó báyìí."

Tèmi ló wà lórí tábìlì. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọkùnrin tó ń ta púpurú fún àwọn ọmọ ogun ló ṣe é. Kò sí ọmọ tó ń kí mi bí sójà mọ́, Bàbá Púpurú ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì ti fi àga mi ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ẹlòmíràn. Tísà ní tirẹ̀ kò lè dúró. Ó gbé odò búlúù rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó ń sunkún, ó sá gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn jáde, awò rẹ̀ sì já sínú gọ́tà.

Ibi tí mo ní Tísà sá jáde yẹn, irọ́ ni, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Kò sunkún, awò rẹ̀ kò já. Ó jókòó di ìparí, ó pàtẹ́wọ́ fún mi, òun ló sì kọ ọ̀rọ̀ ara ògiri náà, ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Èmi ni ì bá wù kó sá.