Ata Màmá Mi Nínú Ilẹ̀ Ahoro

Ẹni tó bá dúró de òjò kó tó gbin èso ata sínú tíréè ti pẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi ojú ara mi rí nìyẹn lẹ́yìn tí a kó dé Bwari. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ewé tòmátì á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì dúdú láti ìsàlẹ̀, àmì náà á sì máa gun òkè títí igi á fi dúró ní ìhòòhò. Àfi kí igi ti gbó díẹ̀ kí omi tó pọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, tí eruku ò jẹ́ kí a rí òkè ẹ̀yìn ilé wa dáadáa, ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ata ni mo máa ń kọ́kọ́ gbìn, torí ata lọ́ra. Tòmátì á ti hù kí ata tó rò pé òun fẹ́ jí. Ata kò sì fẹ́ òtútù rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbé tíréè mi sórí fìríìjì, níbi tí ooru ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń gòkè. Ìyàwó mi ti sọ mí ní àgbẹ̀ orí fìríìjì. Ó ní lọ́jọ́ tí iná bá lọ, kí n gbé oko mi ka sítóòfù.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní eré. Màmá mi ti kó wá sọ́dọ̀ wa láti ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ti kọ́lé sórí ẹ̀yìnkùlé tó ń dá oko sí. Nínú ẹrù rẹ̀, ìgò kékeré kan wà tí eérú kún inú rẹ̀. Inú eérú yẹn ni èso rodo rẹ̀ wà. Rodo yìí kì í pupa. Bó bá gbó tán, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti ìyeyè tó pọ́n, òórùn rẹ̀ á sì kún gbogbo ilé kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ìyá rẹ̀ ló fún un. Ẹni tó fún ìyá rẹ̀, a ò mọ̀. Mo pe gbogbo ẹni tí mo lè pè nílé, kò sẹ́ni tó tún ní in. Mo da ìgò náà sínú àwo funfun, mo rọra fẹ́ eérú kúrò. Ohun tó kù kò kún àárín ìka méjì.

Màmá ní, "Bí èyí ò bá hù, ó parí nìyẹn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nínú ilé.

Mo ti po ilẹ̀ tèmi sílẹ̀: yanrìn odò, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà débi pé kò rùn mọ́, àti èèpo ìrẹsì tí mo sun dúdú. Màmá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi ìka yí i, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó ní ilẹ̀ yìí ò mọ ènìyàn. Ó ní ilẹ̀ ahoro ni ata òun ń fẹ́, ilẹ̀ tí wọ́n ti gbé rí. N kò lè bá a jiyàn, torí òótọ́ ni. Ibi tí wọ́n bá ti ń da eérú àti omi ìṣanwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń dúdú, ó sì máa ń rọ̀ bí èlùbọ́ tí a kù.

Ahoro kan wà ní ẹ̀yìn òkè. Àwọn Gbagyi ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí ẹ̀bá títì. Kí n tó gbé korobá, Màmá kìlọ̀ fún mi. Nílé wa, a kì í bu ilẹ̀ ahoro láìkí onílé. Kí n dúró níbi tí ẹnu ọ̀nà wà rí, kí n kí wọn, kí n sì dúró tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn á fi jáde láti yàrá. Bí mo bá ti dúró tó bẹ́ẹ̀, mo lè bù ú.

Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ògiri amọ̀ ti wó dé ìbàdí, kò sí òrùlé. Mo wò yíká kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi, mo ní, "Ẹ kú ilé o," mo sì dúró. Àwọn ẹyẹ tó ń ké lórí igi máńgòrò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi ilé ìdáná, ààrò olókùúta mẹ́ta ṣì wà, eérú sì wà láàárín rẹ̀, ó gún bí òkè kékeré. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń gbé páànù lórí ilé wa kò fọwọ́ kan eérú yẹn. Ó tutù nígbà tí mo fọwọ́ bà á. Ẹ̀yìn ilé ìdáná yẹn ni mo ti bu ilẹ̀, mo sì yára.

Àṣà mi ni láti dín ilẹ̀ nínú páànù gbígbòòrò lórí iná igi, kí àrùn tó ń gé ọmọ ata lọ́rùn lè kú, àti èso koríko pẹ̀lú. Màmá kò gbà. Ó bi mí pé bí mo bá dín in tán, kí ló kù níbẹ̀? Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bu ilẹ̀ náà kún tíréè méjì. Nínú àkọ́kọ́, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ gbin rodo Màmá, èso kan sí ihò kan, mo sì ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ ibi tó wà. Ìkejì, mo kàn fi omi wọ́n ọn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún tòmátì tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tíréè tí n kò gbin nǹkan kan sí ló kọ́kọ́ jí. Ní igun kan, ọmọ tòmátì yọ lójijì, wọ́n fún mọ́ra wọn bí ẹni ń sá fún òtútù. Mo wò wọ́n títí ó fi yé mi. Odidi tòmátì kan ló bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹnì kan kò padà wá ṣà, tó sì jẹrà sójú kan. Lẹ́yìn náà ni ata yọ láàárín wọn. Nígbà tó yá, ata Màmá náà yọ, ó tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀, kò sì sí èyí tó yọ níbi tí ìgbálẹ̀ kò sí.

Mo gbé tíréè méjèèjì bọ́ sí fàráńdà kí oòrùn lè mọ́ wọn lára. Ibẹ̀ ni Màmá máa ń jókòó lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ilẹ̀ inú tíréè ní tútù, bẹ́ẹ̀ mo ti dìídì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ díẹ̀. Mo bi Màmá. Ó ní òun kọ́. Ó ní obìnrin kan ló wá síbi ọgbà wa, ó kí òun ní sànnu, ó sì béèrè bóyá ilẹ̀ tí a bù lọ́dọ̀ rẹ̀ ń ṣe dáadáa. Mo bi í pé èdè wo ni obìnrin náà fi bá a sọ̀rọ̀, torí yàtọ̀ sí sànnu yẹn, Màmá kò gbọ́ Hausa, ká má tíì sọ Gbagyi.

"Mo ṣáà gbọ́ ọ," ó ní.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ẹ̀bá títì. Mo bá bàbá àgbàlagbà kan níwájú ilé, mo bi í bóyá ẹnì kan ṣì ń lọ sí ilé àtijọ́ yẹn. Ó béèrè èwo nínú wọn. Nígbà tí mo júwe ilé ìdáná olókùúta mẹ́ta náà, ó kí mi dáadáa, ó sì wọlé lọ.

Mo pinnu láti dá tíréè kejì padà, èyí tí tòmátì àti ata wọn hù sí. Màmá ní rárá. Ó ní ta ló ń gba abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, tó wá tún fi ọbẹ̀ yẹn kan náà dá abọ́ padà? Ó ní tiwa ni kí n gbé lọ.

Mo ní, "Màmá, bí a bá gbé e lọ, kò sí òmíràn mọ́ o."

"Ṣé mo ní ó wà ni?"

Mo lọ sínú ilé. Mo jáde. Mo tún wọlé. Ìyàwó mi ní kí n ṣe ohun tí Màmá wí, àbí èmi ni mo ni ata ni.

Nígbà tí mo gbé tíréè dé ahoro, mo kí ilé, mo dúró. Lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹnì kan ti gbẹ́ àwọn ihò kéékèèké sílẹ̀. Etí àwọn ihò náà ṣì tutù, wọ́n sì ti gbá ilẹ̀ àyíká wọn mọ́. Mo rọra yọ ata náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, mo fi wọ́n síhò, mo fi ìka tẹ ìdí wọn. Ìgbà tí mo parí, kò sí ihò tó ṣẹ́kù, kò sí ata tó ṣẹ́kù. N kò wo ẹ̀yìn títí mo fi dé ilé.

Òjò àkọ́rọ̀ pẹ́ kó tó dé lọ́dún yẹn. Àwọn ti tíréè kejì tó wà nílé wa, mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ lálẹ́, síbẹ̀ ewé wọn ń rọ. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ sí ahoro, ilẹ̀ ìdí ata tutù, koríko gbígbẹ sì bò ó kí oòrùn má jó o. N kò rí ẹnikẹ́ni rí. Ata tó kù nílé so, ó pọ́n, pupa rẹ̀ dára. Màmá ní ata ni, ó ta, kò burú.

Ìgbà tí mo rí àwọ̀ ìyeyè láàárín ewé lẹ́yìn ilé ìdáná yẹn, mo kọ́kọ́ kí. Bí mo ṣe dúró, òórùn kan wá láti ibi ààrò, ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo gbígbóná. Ó gbà mí lọ́fun, mo húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti kékeré ni mo ti mọ òórùn yẹn. Kò sí èéfín, kò sí iná, eérú wà láàárín òkúta mẹ́ta bó ṣe máa ń wà. N kò fọwọ́ kan ata kankan. Mo padà sílé, mo sọ fún Màmá.

Ó bi mí, "Wọ́n ti sè é?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. Ó di tiwọn nìyẹn. Lọ tọrọ irúgbìn lọ́wọ́ wọn."

Mo lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo kí ilé, mo sọ ohun tí mo bá wá ní Yorùbá, n kò mọ èdè mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́. Mo dúró pẹ́ ju bí Màmá ṣe ní kí n ṣe lọ. Kò sẹ́ni tó fèsì, kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́kun. Mo já ẹyọ kan, èyí tó sún mọ́ mi jù lọ. Èso rẹ̀ wà nínú àwo lórí tábìlì pálọ̀ wa báyìí, ó ń gbẹ. Màmá jókòó tì í, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan fáànù.