Ìwé Tí Mo Fẹ́ Kó Jẹrà

Ọ̀sán Fúráìdé kan ni wọ́n gbé ìwé náà dé. Ó rin gbingbin, wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì wé e bí ọmọ tuntun. Òrùlé àwọn tó ni ín ló ń jò. Oṣù karùn-ún mi nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún ògbólógbòó ìwé ṣe ní Creekmouth nílùú òyìnbó, níbi tí odò Roding ti ń wọnú Thames. Lójú fèrèsé wa, ìkùukùu a máa jókòó sórí omi títí ọ̀sán, gbogbo nǹkan á wá dà bí ohun tí èèyàn ń rí lójú oorun.

Òyìnbó arúgbó ni Dennis, ọ̀gá mi. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ọ̀gá ni mò ń pè wọ́n, títí àwọn náà fi kọ ọ́ sára ife tíì wọn.

"Ìwọ nìkan ni kó o ṣe eléyìí," Ọ̀gá wí. "Tó bá yè, mo gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá nìyẹn."

Ìwé tó rin kì í dúró de èèyàn. Bébà tó ń fa omi la máa ń fi sáàárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ títí ìwé yóò fi gbẹ. Bí a bá pa á dé bẹ́ẹ̀, ojú ewé á lẹ̀ mọ́ra, ìwé á di búlọ́ọ̀kù. Òfin kan sì ni Ọ̀gá fún mi: ẹni tó ń tún ìwé ṣe kì í kà á.

Mo kà á. Oníwàásù kan ló kọ ọ́ láyé òwò ẹrú, láti gbè fún àwọn tó ń ta èèyàn. Ó to ẹsẹ Bíbélì léra bí ẹni ń mọ ògiri. Ó ní àánú ni wọ́n ń ṣe fún wa. Ó wá ní ìyá aláwọ̀ dúdú kì í ṣàárò ọmọ rẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Inú bí mi gan-an. Mo yọ gbogbo bébà tí mo ti fi sí i, mo pa ìwé náà dé, mo gbé irin lé e lórí. Kó jẹrà. Mo sọ fún Ọ̀gá pé mo ti parí ti òní. Wọ́n wò mí, wọ́n wo irin tó wà lórí ìwé náà.

Nínú bọ́ọ̀sì, ilé ń kọjá lójú mi, mi ò dá ọ̀kankan mọ̀. Bí mo ṣe dé yàrá mi ní àdúgbò Valence, mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti jẹun? Mo fọ àwo rẹ lónìí. Eruku ti ń bò ó."

Ọdún kọkànlá tí mo kúrò nílé nìyẹn. Mo bú sẹ́kún, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bi mí pé:

"Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó kọ orúkọ ẹ̀ sí i?"

"Gàdàgbà báyìí, Màámi."

"Olè fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé òun jalè, ìwọ wá fẹ́ bá a sọ ìwé nù? Tí wọ́n bá ní kò ṣẹlẹ̀ lọ́la, kí la máa fi hàn wọ́n? Lọ tún nǹkan yẹn ṣe."

Ilẹ̀ Sátidé ò tíì mọ́ tán tí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ló jókòó sídìí tábìlì mi, ife wọn lọ́wọ́. Ìwé náà ṣì wà lábẹ́ irin.

"Ẹ mọ̀?"

"Láti àná."

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣí i?"

"Iṣẹ́ rẹ ni. Mo kàn wá bá ọ jókòó tì í ni."

Ojú ewé ti ń lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀bẹ oparun tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí oòrùn fi yí. Èyí tó sọ̀rọ̀ àwọn ìyá ló le jù. Mo ń mí lé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbà. Kò ya.

Nígbà tó gbẹ tán, ó ku ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí gbogbo ojú ewé ti so pọ̀. Kí a tó fi awọ bo ẹ̀yìn ìwé, a máa ń kọ́kọ́ lẹ bébà mọ́ ọn, tí ojú kankan ò ní rí mọ́. Mo bi Ọ̀gá bóyá mo lè kọ nǹkan sára rẹ̀. Wọ́n ti pẹ́ńsù sọ́dọ̀ mi. Mo kọ ọ́ pé: Sẹ̀gilọlá ni ìyá mi, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó di ọdún kọkànlá, wọ́n ṣì ń fọ àwo mi.

Ọ̀gá ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Tẹ pẹ́ńsù yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa," ni wọ́n wí.

Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì báyìí, èmi ni mo jogún tábìlì àti ife. Màámi ti papòdà. Ìwé náà wà ní ibi ìkówèésí kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á, wọ́n ń rí ohun tí oníwàásù náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àmọ́ awọ kì í wà títí láé. Lọ́jọ́ tí tirẹ̀ bá gbó, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe yóò ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì bá ìyá mi níbẹ̀, wọ́n ń fọ àwo.