Bàbá Mi Josaya Àkànjí, Tí Kò Ráhùn Rí

Ó dìgbà o, Bàbá mi, Josaya Àkànjí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó fi Oto ṣe ilé. Ikú ti ṣe ohun tí mo bẹ ìjọba títí tí kò ṣe: ó ti jẹ́ kí ẹ sinmi.

Wọ́n ní kí èmi Àbẹ̀kẹ́, àkọ́bí yín, kọ ohun rere nípa yín sínú ìwé ìsìnkú yìí, nítorí pé èmi ni tíṣà inú ilé. N ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yín, Bàbá, n kò sì ní fi pa mọ́ nítorí pé ẹ ti kú.

Ọmọlúàbí ni yín. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kí àgbà, tí ẹ máa ń kí ọmọdé, tí ẹ máa ń kí ajá onílé kí ẹ tó wọlé. Ọdún gbọọrọ lẹ fi já ẹrù ìjọba ní etí omi Ìdó, ẹ kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Bí a bá bi yín pé ṣé ara le, ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ ní: "A dúpẹ́." Bí ibà dá yín dùbúlẹ̀, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi, a dúpẹ́. Ẹ máa ń kọ́ wa pé gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Gbogbo ẹni tó wá bá wa kẹ́dùn ló ń yìn yín pé ẹ kò ráhùn rí. Kí wọ́n jọ̀wọ́ dákẹ́. Ohun tí wọ́n ń yìn yẹn ló pa yín.

Nígbà tí irin já lu ẹsẹ̀ ọ̀tún yín níbi iṣẹ́, èmi ni mo ka ìwé ìjọba sí yín létí, tí mo tú u sí Yorùbá. Ìwé náà kò ṣòro. Bí dókítà ìjọba bá yẹ òṣìṣẹ́ wò, tó sì kọ ọ́ pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ìjọba yóò máa fún un ní owó ìfẹ̀yìntì títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti yá, kó padà sẹ́nu iṣẹ́, tàbí kó máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Mo ní, "Bàbá, ẹ kàn sọ ohun tó ń ṣe yín ni." Ẹ ní ó ti yé yín.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ bá dókítà, ẹ wọ agbádá tí ẹ fi gbéyàwó. Ẹ fi ọ̀pá ìtilẹ̀ yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní a kì í tiro wọlé tọ ẹni ńlá. Dókítà bi yín pé báwo ni ẹsẹ̀. Èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀. "A dúpẹ́," lẹ wí, "ẹ bá wa kí àwọn ará ilé." Mo tú u bí ẹ ṣe sọ ọ́, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ kì í yí ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ padà. Ó ní kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lọ ná, kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta yẹn lẹ fi ẹsẹ̀ kan àbọ̀ ru ẹrù. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ni mò ń fi omi gbígbóná wẹ ọyún kúrò lójú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ náà.

Ìgbà kejì, láti Oto ni mo ti ń kọ́ yín bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ ní ó ń dùn yín. Ẹ ní ẹ kò lè dúró." Ẹ ń sọ ọ́ tẹ̀lé mi. Mo ti pinnu pé bí ẹ bá tún dúpẹ́, n ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀ lédè òyìnbó. Ẹ kò tilẹ̀ jẹ́ kó kan ọ̀rọ̀. Dókítà òyìnbó mìíràn la bá, ewú kún orí rẹ̀, ẹ sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ẹsẹ̀ tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa. Ẹnikẹ́ni kò gbé yín dìde. Ẹ fọwọ́ tilẹ̀, ẹ dìde, ẹ gbọn eruku nù, ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Mo ṣàlàyé títí ohùn mi fi há. Ó ní ojú òun kò fọ́, òun ti rí ohun tí ẹsẹ̀ náà lè ṣe. Ó kọ ọ́ pé ara yín ti yá. Nígbà tí a jáde, ẹ ní òyìnbó náà lẹ́kọ̀ọ́.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tiyín kò dákẹ́, Bàbá. Ó ń ké, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ náà sì jẹrà dé itan. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú yín, nígbà tó ku èmi àti ẹ̀yin nínú yàrá, mo bi yín bóyá ó ń dùn yín. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ẹ wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, kò tíì fi mí lọ́rùn sílẹ̀ láti ọjọ́ tí irin yẹn já." Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá lẹ́nu yín nìyẹn, kò sì sí dókítà nítòsí tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo fẹ́ràn yín, Bàbá mi, n kò sì tíì dárí jì yín. Bí wọ́n bá bi yín lọ́run pé báwo ni ẹsẹ̀, ẹ jókòó kí ẹ tó dáhùn.

Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni àwọn èrò ti ń wọlé, tí wọ́n ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun, ṣé ara mi le. N kò jẹun. Ara mi kò le. "A dúpẹ́" ni mò ń wí fún wọn.

Ẹ sùn re o, Bàbá mi.