Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án Orí Awò Ìbọn Mi

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kọ lẹ́tà sí mi láti ìlú òyìnbó sí Igbó-Ọrà, tó fi ìwé àwòrán awò ìbọn sínú rẹ̀ pé kí n mú èyí tó wù mí. Awò tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn ni, tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ka ìwé náà bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ọ̀kan ń mú nǹkan tóbi láti ìlọ́po kan àbọ̀ dé márùn-ún. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́ta, ó dé mẹ́sàn-án. Èèyàn á kàn yí òrùka ara rẹ̀ sí nọ́ńbà tó bá fẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ wò ó títí, ó ní, "Èyí kékeré ni kó o mú. Bí nǹkan bá ti tóbi jù nínú dígí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ní hàn mọ́." Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," mo sì kọ̀wé béèrè mẹ́sàn-án. Ta ni yóò fi márùn-ún yangàn nígbà tí mẹ́sàn-án wà? Nígbà tó dé, mo yí i sí mẹ́sàn-án, n kò sì yí i padà mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, èmi àti ọ̀gá mi wọ igbó kan lọ́nà Ayétẹ̀, a sì pínyà. Òfin kan ló fún mi: bí mo bá ti gbọ́ tó súfèé, kí n gbé ìbọn kúrò léjìká títí n ó fi fojú rí i. Ìgalà kan jáde. Mo gbé awò sójú, èjìká ẹran nìkan ló kún inú dígí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irun ara rẹ̀. Ni ọ̀gá mi bá súfèé. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo wá a nínú awò, n kò rí i, mo sì gba awò gbọ́ ju etí mi lọ. Mo yìnbọn. Ìgalà sá lọ. Lẹ́yìn ibi tó ti dúró ni mo ti gbọ́ ohùn Bàbá: "Mo kú o!"

Ikùn ni ọta bá a. Mo fi aṣọ dì í mọ́ ẹ̀yìn ara mi lórí alùpùpù tí a gbé wá, mo sáré gbé e dé ọsibítù. Nígbà tí ọlọ́pàá bi í, ó ní, "Ìbọn ọwọ́ mi ló yìn. Ọmọ yìí ló gbé mi wá." Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n bà mí, mo dákẹ́. Ọjọ́ kẹta ló kú. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ó ṣàánú mi ni, àbí ó ń retí kí èmi fúnra mi sọ ọ́.

Mo ju awò náà sí ṣáláńgá, bí ẹni pé òun ló yìnbọn. Orí mi ti hu ewú báyìí. Ìyàwó ọ̀gá mi ṣì wà láyé, kì í sì í gbàgbé ẹran Iléyá mi. Á gbọ́wọ́ lé mi lórí, á ní, "Ìwọ tó o gbé ọkọ mi, tó ò fi í sílẹ̀ sínú igbó, Ọlọ́run á rán ẹni tí yóò gbé ìwọ náà sí ọ." Lọ́dún tó kọjá, òótọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi.

Mo ní, "Màmá."

Ó ní, "Ọmọ mi?"

Mo ní, "Àmín."