Olú Funfun Tí Kò Ní Ẹsẹ̀

Ọwọ́ òsì ni Ìyá Ọlọ́nà fi ń di abẹ́rẹ́ mú. Àwọn òbí wọn nà wọ́n títí nítorí ọwọ́ náà, ọwọ́ ò gbọ́. Gbogbo òwú tí wọ́n bá rán sára aṣọ ló máa ń tẹ̀ sí òsì, bí koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí apá kan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, tó bá wo aṣọ wọn lẹ́ẹ̀kan, kò ní í béèrè ẹni tó ṣe é.

Olú nìkan ni wọ́n ń rán. Àwọn ẹlòmíràn ń rán òdòdó, wọ́n ń rán ẹyẹ. Ìyá Ọlọ́nà ní òdòdó ti gbéra ga jù, gbogbo ayé ló ń kí i. Olú ni tiwọn: èyí tó dà bí etí lára igi jíjẹrà, èyí tó ṣí bí agboòrùn, èyí tí abẹ́ rẹ̀ ní ìlà wínníwínní bí ìwé tí wọ́n pa dé. Wọ́n á gbé olú sí etí fèrèsé, wọ́n á yí i síhìn-ín, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún, kí wọ́n tó wá òwú tó bá a mu: àwọ̀ eérú, àwọ̀ irin tó ti dípẹtà, àwọ̀ eyín arúgbó. Bó bá di abẹ́ olú, wọ́n á tú òwú kan sí mẹ́fà, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n á fi rán an. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni abẹ́ olú kan.

Òfin kan wà tí wọn kì í rú. Olú tó bá ní májèlé, wọ́n á rán òwú pupa yí i lọ́rùn, kí ẹwà rẹ̀ má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń gbé aṣọ wọn kọ́ sí ilé ìdáná. Bí obìnrin kan bá ti fẹ́ se olú, ògiri ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí ò bá ti sí òwú pupa lọ́rùn rẹ̀, ìkòkò yá.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ilé ìlagi ló ti ń ṣiṣẹ́. Pákó ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀, àti nítorí pé bí o bá kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ló máa dáhùn. Lẹ́yìn ilé ìlagi, igbó wà. Pákó ló ń wá olú wá fún ìyá rẹ̀ láti inú igbó náà. Ọ̀bẹ ló fi ń gé e, ní ojú ilẹ̀ gan-an, kí erùpẹ̀ má baà ba aṣọ ìyá òun jẹ́. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é.

Àwọn àgbà ní orí ni olú fi ń la ilẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ti orí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹsẹ̀.

Lọ́dún kan, Pákó mú olú funfun kan wálé. Ẹyọ kan ni. Ó funfun bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ìyá rẹ̀ gbé e sí fèrèsé, wọn ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Pákó, ṣé wọ́n ń jẹ eléyìí?"

Kò mọ̀. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ kí inú wọn dùn.

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, Màámi."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́."

"Àwọn ará ibi iṣẹ́ yín, tí wọ́n lè jẹ ìṣó pàápàá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ìyá Ọlọ́nà rán olú funfun náà sára aṣọ méje, wọn ò fi òwú pupa sí i lọ́rùn. Ilé mẹ́fà ra mẹ́fà. Wọ́n gbé ìkeje kọ́ sí ilé ìdáná tiwọn.

Ní òjò ọdún tó tẹ̀lé e, Pákó rí olú funfun náà rẹpẹtẹ. Ó kó o kún fìlà, ó gbé e sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó padà síbi iṣẹ́. Òun kì í jẹ olú, kò bá a lára mu láti kékeré. Ìyá Ọlọ́nà wo aṣọ ara wọn lórí ògiri. Kò sí òwú pupa. Wọ́n gbé ìkòkò kaná.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wọn pe Pákó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ẹsẹ̀ olú náà ńkọ́?"

"Mo gé e sílẹ̀ sínú ilẹ̀."

"Ibẹ̀ ni àmì rẹ̀ wà. Èyí tó ń pani, àpò máa ń wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, bí èèpo ẹyin tó fọ́. Ká ní o hú u ni, ò bá ti rí i."

Pákó mi orí. Kò sọ pé òun lòun ní wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Tirẹ̀ ti fọ́.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń mu omi ní ilé ìdáná, ó wo aṣọ orí ògiri. Ilé mẹ́fà. Bí òjò bá rọ̀, olú á hù. Bí olú bá hù, ilé mẹ́fà á wo ògiri.

Ó kó òwú ìyá rẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́, ó mú òrùka onígi tí wọ́n fi ń fa aṣọ le. Láti kékeré ló ti ń jókòó tì wọ́n, ó mọ̀ ọ́n rán díẹ̀. Ti ilé ló kọ́kọ́ ṣe. Ó rán àpò sí ẹsẹ̀ olú, ó rán òwú pupa sí i lọ́rùn. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò. Òwú tirẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún.

Nínú ilé mẹ́fà náà, ìyàwó awakọ̀ ló kọ́kọ́ lọ bá.

"Pákó, o fẹ́ ba iṣẹ́ ìyá ẹ jẹ́ ni?"

"Mo fẹ́ parí ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tó ń gbé ìtì igi ló wá ń gbé abẹ́rẹ́. Máa rọra o, má gún ògiri mi."

Ó ṣe é, ó dúpẹ́, ó lọ. Ilé kejì náà lọ wẹ́rẹ́.

Ìkẹta ni ilé aránṣọ. Òwú tán lójú abẹ́rẹ́ Pákó. Ó fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ, ó bá aránṣọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti mu omi. Nígbà tó padà, òwú funfun tuntun ti wà lójú abẹ́rẹ́.

"Ta ló bá mi fi òwú bọ̀ ọ́?"

Aránṣọ wò ó. "Èwo nínú wa? Ṣebí àwa méjèèjì la jọ wà lẹ́yìn. Kò sẹ́lòmíì nílé."

Òórùn ilẹ̀ tútù wà nínú yàrá náà, bẹ́ẹ̀ òjò ò tíì rọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Pákó fi òwú náà rán an tán. Kí ni ì bá tún ṣe?

Ní ilé kẹrin, àga onítìmùtìmù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti rán àpò náà dé ìdajì nígbà tí tìmùtìmù rọra tẹ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń tẹ̀ bí ẹni tí orúnkún ń dùn bá jókòó. Pákó ò yíjú. Ó gbájú mọ́ abẹ́rẹ́. Ìgbà tó dìde ni tìmùtìmù náà tó dìde.

Ní ilé karùn-ún, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù.

Ọjọ́ tó lọ sí ilé kẹfà, ojú ọ̀run ti dúdú láti àárọ̀. Bàbá Aláago ló ń gbé ibẹ̀, lópin àdúgbò. Aago ló ń tún ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e jáde mọ́, àwọn oníbàárà ló ń wá bá a. Ó jókòó ti tábìlì, ó fi awò sójú kan, irin aago wẹ́wẹ́ wà níwájú rẹ̀ lórí aṣọ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Ìwọ ni Pákó."

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìyá ẹ ní wàá wá."

Pákó rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni arúgbó náà ń sọ. "Ìgbà wo nìyẹn, Bàbá?"

"Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Aago yìí ni mò ń tú lọ́wọ́, àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e wá. Mo ní kó jókòó, ó jókòó. Mo bu omi fún un, kò mu. Erùpẹ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní ṣé oko lo ti ń bọ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín. Lọ wo iṣẹ́ tó ṣe, ó wà ní ilé ìdáná."

Kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá yìí pé Ìyá Ọlọ́nà ti kú. Ẹnu ò sì gbà á láti sọ ọ́ nísinsìnyí.

Ó wọ ilé ìdáná. Aṣọ náà wà lórí ògiri. Olú funfun náà ti ní ẹsẹ̀. Àpò náà wà níbẹ̀, ó ya ní etí, ó rí gẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Gbogbo òwú rẹ̀ tẹ̀ sí òsì.

Ọrùn olú náà ṣófo. Abẹ́rẹ́ kan ń fì lára aṣọ, òwú pupa wà lójú rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí wọn ò parí ẹ̀?"

"Mo bi í. Ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tòun. Ó ní ìwọ lo mọ ìdí tí kò fi sí níbẹ̀ látijọ́."

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ta lórí páànù. Pákó mú abẹ́rẹ́ náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán, ó sì ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo ní wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́. Mi ò mọ̀, Màámi. Mo kàn sọ ọ́ ni."

Òórùn ilẹ̀ tútù gba ilé, ṣùgbọ́n òjò ti dé, gbogbo àdúgbò ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Ó rán an yí ọrùn olú náà nígbà mẹ́ta, ó gé òwú, ó sún sẹ́yìn láti wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi rán an. Ó tún wo ọwọ́ náà. Òwú pupa náà tẹ̀ sí òsì.

"Ṣé ó ti tán?" Bàbá Aláago béèrè láti pálọ̀.

"Ó ti tán, Bàbá."

"Bá mi kí i. Sọ fún un pé omi tó fi sílẹ̀, mi ò tíì dà á nù."

Nígbà tó jáde sí pálọ̀, ife náà wà létí tábìlì, ó kún dẹ́nu. Pákó wò ó títí. Ó gbé e, ó mu ún tán, ó sì rọra gbé ife sílẹ̀ kó má baà mi irin aago.

"Màá jíṣẹ́, Bàbá," ó wí, ó sì bọ́ sínú òjò.