Ìró Tó Gbé Iyọ̀ Òkun Wálé

Ọmọ mi ti etí òkun dé lánàá. Bí mo ṣe ń gbọn yanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀ ni òórùn iyọ̀ gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìwó, lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá àgbà àti ìyá àgbà ti ìgbafẹ́ Èkó dé.

Omi òkun ti gbẹ sí etí ìró ìyá àgbà, ó wá le bíi páálí. Mo fi ahọ́n kàn án. Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín.

"Mo kúnlẹ̀ kí òkun ni. Ohun tó tóbi tó yẹn, ṣé mo lè dúró gangan kí i? Kí n tó dìde, ó ti bò mí."

Ṣùgbọ́n bàbá àgbà ò jẹ́ kí ìyàwó wọn sinmi.

"Àwọ̀ wo ni ọkọ̀ ojú omi yẹn?"

"Pupa, funfun nísàlẹ̀."

"Àwọn ẹyẹ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wọn gùn, wọ́n ń sáré lórí yanrìn."

Inú bí mi sí bàbá àgbà. Ṣebí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ rí i! N kò mọ̀ pé dókítà ti sọ fún wọn pé ojú ìyá àgbà ò ní pẹ́ fọ́.

"Nínú gbogbo ẹ̀, èwo ni o ò ní gbàgbé láé?"

Ìyá àgbà di ojú méjèèjì, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Tádé, tí ẹ ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí ẹ ń sá fún omi."